Àwọn Tí Ọwọ́ Wọn Kò Pọ̀

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú tí mo ń gbé báyìí, mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì rí obìnrin àgbàlagbà kan tó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ mi, mo kí i lédè Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin náà ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó sáré wá di apá mi mú. Ó rò pé mo fẹ́ ṣubú ni. Ó ń bi mí bóyá orúnkún ń dùn mí, bóyá kí òun bá mi pe dókítà. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní rárá, mo dúpẹ́. Nígbà tí mo padà dé yàrá mi, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà àti kóòtù lára, mo sunkún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ní gbogbo ìlú yẹn, kò sí ẹnì kan tó mọ ohun tí mo ń ṣe nígbà tí mo bá kúnlẹ̀.

Ìlú kékeré ni, létí òkun, ní ìlà-oòrùn Kánádà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sinmi. Àwọn ará ibẹ̀ kò burú. Kálukú kàn ní ilé tirẹ̀, ó sì ń wọ inú rẹ̀ lọ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ariwo lo fi máa mọ̀ pé o ṣì wà láyé: ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń lé ewúrẹ́, ẹni tó ń béèrè láti òdìkejì ọgbà pé ṣé o sùn dáadáa. Níbí, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru nìkan ni mò ń gbọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni àwọn pátákó ojú ọ̀nà. Èdè méjì ló wà lára wọn, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé ní agbègbè náà kò pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń dúró wò wọ́n nínú òtútù. Mo máa ń bi ara mi pé ta ló rántí àwọn tí kò pọ̀ yìí nígbà tí wọ́n ń kọ pátákó.

Ẹni tó bá mọ bàbá mi á mọ ìdí tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fi ń wá sí mi lọ́kàn.

Abúlé wa kò jìnnà sí Àgọ́-Àrẹ, lójú ọ̀nà Ṣakí, níbi tí koríko ti máa ń ga ju ènìyàn lọ nígbà òjò, tí iná á sì jó gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi. Ìyá mi ń ṣòwò èlùbọ́. Ó máa ń kó o kọjá ibodè lọ sí ọjà Kìlìbò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Tí a bá ti gba ìsinmi nílé ìwé, èmi náà á tẹ̀ lé e lọ. Mo ti fẹ́ẹ̀ parí girama nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ìyá mi. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kan, àwọn dókítà ní ọ̀rọ̀ náà ju agbára àwọn lọ, kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀nà ìgbà náà, kòtò rẹ̀ ju ọ̀dà rẹ̀ lọ. Ìyá mi kú kí ọkọ̀ tó dé Ìsẹ́yìn. Bàbá mi ní kí awakọ̀ yí padà.

Láti ìgbà náà, bàbá mi kò pa ìpàdé kankan jẹ mọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń sọ pé kí Òkè-Ògùn di ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ó lọ sí Ìsẹ́yìn, ó lọ sí Ìbàdàn, ó jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn níbi tí àwọn aláṣọ ńlá ti ń sọ̀rọ̀. Tó bá dé, á tú bàtà rẹ̀, á sì ṣàlàyé fún èmi àti Rahmọ́n, àbúrò mi ọkùnrin.

"Àwọn ará Ìbàdàn ò ṣe wá níkà o," á ní. "Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Wọ́n kàn pọ̀ jù wá ni. Ìbò la fi ń yan gómìnà, ìbò la fi ń pín ọ̀nà, ìbò la fi ń pín ọsibítù. Ilẹ̀ wa fẹ̀, iṣu wa ni wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í dìbò, iṣu kì í dìbò. Tí wọ́n bá ti kà wá tán báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

Rahmọ́n á bi í pé kí wá ni ṣíṣe. Bàbá mi á ní, "Kí wọ́n ṣe òfin pé àwọn nǹkan kan wà tí ìbò ò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò pọ̀."

Lẹ́yìn oko bàbá mi ni gáà àwọn Fúlàní kan wà. Bàbá Àíṣà ló tẹ̀ ẹ́ dó, kí wọ́n tó bí mi. Àíṣà, ọmọ rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ mi. A jọ ń ta wàrà ìyá rẹ̀ káàkiri abúlé, a jọ ń jẹ nínú rẹ̀ kí a tó tà á tán. Yorùbá tó ń sọ, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní ní ọmọ Ṣakí ni. Tí a bá ti kórè àgbàdo tán, bàbá mi á ní kí wọ́n kó màálù wá sínú oko kó wá jẹ pòròpórò, ìgbẹ́ màálù á sì mú ilẹ̀ náà dára fún ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú ìyá mi dé, Bàbá Àíṣà ló bá bàbá mi gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ìyá Mútíù, alámùúlégbè wa, ló wá di ìyá fún wa. Òun ló ń ko irun mi. Òun ló ń bu ọbẹ̀ wá lálaalẹ́ títí èmi náà fi mọ ọbẹ̀ sè. Mútíù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, àti Rahmọ́n jọ kọ́ ọ̀kadà gùn ni. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ sí Kánádà, Ìyá Mútíù kò sunkún níwájú mi. Ó kàn ń tún gèlè mi wé, ó ń tú u, ó ń tún un wé.

*

Faransé ọjà Kìlìbò ló fún mi níṣẹ́ ní Kánádà.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Ọ̀gá ibẹ̀ bi mí pé ṣé mo gbọ́ Faransé. Mo ní mo gbọ́ díẹ̀. Èyí tí mo gbọ́ kò ju kí n béèrè iye tí wọ́n ń tà á, kí n ní ó ti wọ́n jù, kí n bẹ oníbàárà pé kó má lọ. Ọ̀gá ní ìyẹn náà dára, torí òfin ìpínlẹ̀ náà ni pé arúgbó tó bá ń sọ Faransé gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò bá a sọ ọ́, àwọn kò sì rí ènìyàn tó pọ̀ gbà.

Báyìí ni mo ṣe bá Màdáámù Ódẹ́ẹ̀tì pàdé. Ọpọlọ rẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ti fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ ní gbogbo ayé rẹ̀ níta, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì náà ti lọ pátápátá. Faransé tó mu lọ́mú nìkan ló kù sí i lẹ́nu. Tí òṣìṣẹ́ bá fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀, á yí ojú sí ògiri. Kò ní jẹun, kò ní wẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, mo gbé ọbẹ̀ fún un, ó ní òun kò jẹ. N kò mọ Faransé tí wọ́n fi ń bẹ arúgbó. Mo bá lo èyí tí mo mọ̀. Mo ní, "Màdáámù, ẹ gbà á, mo ti dín in kù fún yín. Torí pé ẹ̀yin ni o." Ó yíjú sí mi.  Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ó ṣì wọ́n jù." Mo ní kí ló fẹ́ san. Ó la ẹnu. Bí a ṣe ń ná ọbẹ̀ nìyẹn lójoojúmọ́, ṣíbí kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù á dúró lẹ́nu ọ̀nà máa wò wá. Ọjọ́ kìíní yẹn ni mo kọ́kọ́ rìn délé láìwo ilẹ̀.

Nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ bá ṣe kedere, Màdáámù máa ń sọ ìtàn fún mi. Ó ní àwọn baba ńlá òun ló kọ́kọ́ ro etí òkun yẹn. Ó ní àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n kó àwọn ènìyàn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sun ilé wọn, wọ́n sì pín ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Àwọn kan yọ́ padà wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n bá ẹlòmíràn nínú oko wọn. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, tíṣà máa ń fi igi na òun ní ọwọ́ tí òun bá sọ Faransé nínú kíláàsì.

Mo bi í pé báwo wá ni òfin ṣe dé.

"A sunkún títí ó fi sú wọn," ó ní.

*

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pe ìpàdé ní ilé ìtọ́jú náà. Àwọn ẹbí àwọn arúgbó ló wá, wọ́n kún yàrá ìjẹun. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ kò tó, àti pé wíwá àwọn tó gbọ́ Faransé ló ń fa ìdádúró. Ọkùnrin kan dìde. Ó ní ìyá òun ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí ìtọ̀ ti mú tutù nígbà mìíràn, torí pé ẹnì kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún obìnrin kan tó ń sọ Faransé. Kò pariwo. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní kí àwọn dìbò sí i, kí Gẹ̀ẹ́sì nìkan máa jẹ́ èdè ilé náà. Àwọn ènìyàn nawọ́. Ọwọ́ tó lọ sókè pọ̀ gan-an. Ọmọ Màdáámù Ódẹ́ẹ̀tì jókòó nítòsí ògiri pẹ̀lú àwọn díẹ̀ kan, ọwọ́ wọn wà lórí itan.

Ọkàn mi ti rẹ̀wẹ̀sì. Mo mọ bí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ṣe ń parí.

Ọ̀gá wa dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní òun á wá òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́, ó sì gba ẹ̀bi bẹ́ẹ̀dì tútù náà. "Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ dìbò sí yìí," ó ní, "èmi kò lágbára láti ṣe é, ẹ̀yin náà kò sì lágbára láti ṣe é. Òfin ló fún wọn. Ká tiẹ̀ ní gbogbo yín lẹ nawọ́." Àwọn kan kùn, wọ́n wọ kóòtù wọn, wọ́n jáde. Ó parí.

Mo dúró ti ìkòkò kọfí níbẹ̀. N kò tíì rí i rí láyé mi kí àwọn tó pọ̀ nawọ́, kí ó má sì ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe bàbá mi. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Wọ́n pọ̀ jù wọ́n lọ?"

"Wọ́n pọ̀ jù wọ́n lọ dáadáa, Bàbá."

"Wọ́n sì nawọ́?"

"Wọ́n nawọ́."

"Kò sì sí nǹkan kan tó ṣe?"

"Màdáámù ń sùn ní yàrá rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Kò mọ̀ pé wọ́n ṣèpàdé."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo gbọ́ ọ tó ń pe Rahmọ́n pé kó wá gbọ́. Ó ní, "Ohun tí mò ń sọ fún wọn ní Ìbàdàn nìyẹn! Ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ń ṣe é!" Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó ti sọ ọ́ fún gbogbo abúlé. Inú mi dùn. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo rí nǹkan fi ránṣẹ́ sílé tó ju bàtà àti ìpara lọ.

*

Ìgbà náà ni wọ́n jí Mútíù gbé.

Ojú ọ̀nà Ìgbòho ni, ó gbé èrò sẹ́yìn ọ̀kadà. Àwọn ajínigbé jáde láti inú igbó. Èrò náà sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì sọ pé èdè Fúlàní ni òun gbọ́ lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n rí òkú Mútíù lẹ́bàá odò. Kò sí ẹni tó rí ojú àwọn tó ṣe é. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Mo pe Ìyá Mútíù. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ń gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sọ fún un pé èmi ni. Ó wá ní, "Ọmọ mi, ṣé o jẹun?" Ohùn rẹ̀ gbẹ bí ewé. 

Lẹ́yìn ìsìnkú, Baálẹ̀ pe gbogbo abúlé jọ sí iwájú ilé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gáà. Òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ mi, mo wà ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Rahmọ́n pè mí sórí fídíò, ó gbé fóònù sókè kí n lè rí wọn. Mo rí Ìyá Mútíù lórí àga ní iwájú, wọ́n dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì.

Ó ní, "Ẹ má bi mí pé ta ló pa á. Èmi ò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbọ́ èdè Fúlàní lẹ́yìn ilé mi, ara mi ń bù máṣọ. Mi ò lè sùn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè sùn."

Kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ kó má sunkún. Èmi náà sunkún.

Bàbá mi dìde. Ó ti rù ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ó kọ́kọ́ kí Ìyá Mútíù, ó tún un kí. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ń lọ sí Ìbàdàn, kí ni mò ń sọ fún wọn? Mò ń sọ fún wọn pé torí pé ẹ pọ̀ jù wá lọ, ìyẹn ò ní kí ẹ ṣe wá bó ṣe wù yín. Ṣé kí n wá padà délé kí n ṣe é fún ẹlòmíràn? Bàbá Àíṣà bá mi gbé òkú ìyàwó mi. Ǹjẹ́ ó jí nǹkan ẹnikẹ́ni nínú wa rí? Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ṣẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú ẹni náà. Ṣùgbọ́n ilé ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń dìbò sí."

"Òfin Kánádà nìyẹn!" ẹnì kan pariwo. "Ọmọ yín wà níbi tí kò sí ajínigbé, ẹ fẹ́ fi òfin ibẹ̀ pa wá!"

Ẹlòmíràn ní, "Ẹ lọ máa bá wọn gbé ní gáà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi bàbá mi rẹ́rìn-ín níwájú Baálẹ̀. Bàbá Àíṣà wà níbẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn, ó fi ọ̀pá sórí ẹsẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Baálẹ̀ ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ará gáà kó lọ nawọ́ sókè. Mo rí ọwọ́ bí ó ṣe ń lọ sókè, ọwọ́ àwọn tí mo mọ̀, ọwọ́ ẹni tó kọ́ mi ní Kùránì, ọwọ́ àwọn obìnrin tó ra wàrà lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn náà ni àwòrán mì. Fóònù náà yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo rí ojú ọ̀run díẹ̀, ó sì dúró padà. Àbúrò mi ti gbé fóònù láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì.

Mo mọ ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe. Bàbá mi náà rí i. Ó kọjú sí fóònù, ó sì wo ọwọ́ tó wà lókè rẹ̀.

Rahmọ́n pè mí padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Àǹtí mi," ó ní, "ojú ọ̀nà tí wọ́n ti mú Mútíù ni mò ń gbé èrò lójoojúmọ́. Mo ní ìyàwó. Ẹ ò sí níbí."

Òótọ́ ni. N kò sí níbẹ̀. 

*

Bàbá mi sin àwọn ará gáà lọ títí dé ọ̀nà ibodè. Ó ní àwọn obìnrin ru igbá àti ìkòkò, àwọn ọmọdé gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àwọn màálù kò fẹ́ lọ. Wọ́n ń yíjú padà sí ibi tí wọ́n mọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pínyà, Bàbá Àíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀." 

Lẹ́yìn náà, bàbá mi kò lọ sí ìpàdé ìpínlẹ̀ mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè é láti Ìsẹ́yìn, wọ́n ní àwọn aṣòfin fẹ́ gbọ́ ẹnu àwọn àgbẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ń dùn òun. Mo bi í lórí fóònù pé kí ló dé.

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?" ó ní. "Tí wọ́n bá bi mí pé báwo lẹ ṣe ń ṣe sí àwọn tí kò pọ̀ láàárín yín, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Àwọn ènìyàn kò kí i bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n ń kí i, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró. Nígbà tó yá, ó ti ilé wa pa, ó lọ gba yàrá kan ní Ṣakí, lẹ́bàá mọ́sálásí. Rahmọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó ń gbà á, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò.

"Èmi àti ìwọ la ti kúrò nílé báyìí," ó sọ fún mi ní ọjọ́ Àìkú kan.

Ó pẹ́ kí n tó rí Àíṣà bá sọ̀rọ̀. Fóònù rẹ̀ kì í lọ. Nígbà tó wá lọ, ohùn rẹ̀ jìnnà, ó ń dún bí ẹni tó wà nínú ìkòkò. Ó ní àwọn ti dé ibì kan ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Mo bi í pé báwo ni ibẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Wọn ò tíì ṣèpàdé nípa wa."

Mo lọ síbi iṣẹ́ lẹ́yìn náà. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra búrẹ́dì, ọkùnrin kan ń sọ fún ẹni tó ń gbowó pé àwọn àjèjì ti pọ̀ jù ní ìlú yìí. Ó rí mi, ó dákẹ́. Tí wọ́n bá ní kí ìlú náà nawọ́ nítorí tèmi, n kò mọ iye ọwọ́ tí yóò lọ sókè, n kò sì fẹ́ mọ̀. Òfin ló dúró láàárín èmi àti ọwọ́ wọn. Ó le láti gbà pé ààbò wà fún mi níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ bàbá tó bí mi, kò sì sí ààbò kankan fún Bàbá Àíṣà níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, tí wọ́n mọ orúkọ màálù rẹ̀ pàápàá. Àwọn ará ilé mi kì í ṣe òǹrorò. Àwọn ló tọ́ mi. Èmi ni mo lè jẹ́rìí sí wọn, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí.

*

Mo lọ sílé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí òjò ti rọ̀ fún oṣù mélòó kan. Rahmọ́n wá fi ọ̀kadà gbé mi ní gáréèjì Àgọ́-Àrẹ.  Ó ti sanra díẹ̀, ó ti bí ọmọbìnrin kan. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé mi gba abúlé wa, kí n wo ilé, kí n kí Ìyá Mútíù, ká tó lọ bá Bàbá ní Ṣakí.

Ìyá Mútíù kò sí nílé. Wọ́n ní ó wà lóko. Rahmọ́n ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó gbé mi lọ. A gba ẹ̀yìn oko bàbá mi. Mo ń wá gáà, mo ń wá òrùlé koríko, mo ń wá ọgbà màálù. Àgbàdo ni mo rí. Àgbàdo ló gba gbogbo ibẹ̀, láti ibi tí ilé ìyá Àíṣà wà títí dé etí odò, ó ga, ó dúdú mìnìjọ̀, ó yọ ọmọ méjì méjì. N kò rí irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ rí ní ilẹ̀ wa. Ìgbẹ́ màálù gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Mútíù gbọ́ ìró ọ̀kadà, ó jáde láti àárín rẹ̀. Ó ti di arúgbó. Nígbà tó rí mi, ó ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó pariwo orúkọ mi, ó sáré. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ yẹn, ó sì bá mi kúnlẹ̀, ó gbá mi mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa mí lórí, ó ní mo ti rù, ó ní ṣé wọn kì í fún mi lóúnjẹ níbẹ̀ ni. Ó ní òun ti ń sùn díẹ̀díẹ̀ báyìí. Mo ní mo dúpẹ́. Òótọ́ ni pé mo dúpẹ́.

Ó ṣẹ́ àgbàdo kún àpò kan fún mi. Ó ń mú èyí tó yọmọ jù. "Gbé e lọ fún bàbá rẹ náà," ó ní. "Sọ fún un pé mo kí i. Sọ fún un pé kó máa bọ̀ nílé." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Yàrá bàbá mi ní Ṣakí kéré, ó mọ́ tónítóní. Ó gbàdúrà sí mi lórí títí. Lẹ́yìn náà ló rí àpò náà, ó tú u, ó mú ọ̀kan jáde, ó bó èèpo rẹ̀ wò. Àgbẹ̀ ni, ó mọ ilẹ̀ nípa wíwo ohun tó hù lórí rẹ̀. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Níbo lo ti rí èyí?"

Mo wo Rahmọ́n. Rahmọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Mútíù ló ní kí n gbé e wá fún yín," mo ní. "Ó kí yín."

Bàbá mi kò bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Ó dá àgbàdo náà padà sínú àpò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì fi èèpo rẹ̀ bò ó bó ṣe wà.

"Ọ̀nà jìn," ó ní. "Ebi á ti máa pa ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ sè é, kí ẹ jẹun."

Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde lọ jókòó síta lábẹ́ ògiri mọ́sálásí, ó kẹ̀yìn sí wa. Rahmọ́n dá iná. Mo gbé àgbàdo náà kaná. Nígbà tó jinná, èmi àti àbúrò mi jókòó sórí ẹní bàbá wa, a jẹ ẹ́, a kò sì wo ojú ara wa. Ó dùn gan-an.